Ìfìwàwẹ̀dá Babaláwo: Peter Fátómilọ́lá àti Iṣẹ́ Òṣèré Tí Kì Í Ṣe Olú Eré

Lọ́dún 1946 ni fíìmù Men of Two Worlds jáde ní Ìlú Ọba. Ọmọ Èkó kan tó ti ń jẹun nídìí eré lọ́hùn-ún tipẹ́, Orlando Martins, wà nínú rẹ̀. Magole ni wọ́n ní kó ṣe: oníṣègùn burúkú kan ní Tanganyika, tí kò fẹ́ kí àwọn ará abúlé rẹ̀ gbà fún ìjọba láti kó wọn kúrò níbi tí eṣinṣin ti ń fi àìsàn oorun pa wọ́n. Martins sígbọnlẹ̀, ohùn rẹ̀ sì wúwo, ṣùgbọ́n ohun tí eré náà bi í kò tó nǹkan. Kó ranjú mọ́ni, kó dẹ́rù bani, kí òyìnbó àti ọmọ adúláwọ̀ tó kàwé sì borí rẹ̀ níkẹyìn, ó parí.

Ọdún yẹn náà ni wọ́n bí Peter Fátómilọ́lá ní Ìfísìn-Èkìtì, ìlú kékeré kan ní Ìdó-Òsì, ní apá àríwá Èkìtì. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí tí òun náà ti ń ṣe eré, orí ìtàgé ló ti bẹ̀rẹ̀ kó tó bọ́ sí sinimá, tẹlifíṣàn àti eré àgbéléwò. Bí a bá sì dárúkọ rẹ̀ láwùjọ, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn yóò kọ́kọ́ wí ni pé, "Ẹni tó máa ń ṣe babaláwo un!" Ipò kan náà ni òun àti Martins wà bí a bá fi ojú lásán wò ó: ọmọ Yorùbá méjì tí wọ́n pè wá ṣe awo níwájú kámẹ́rà. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tó wà láàárín iṣẹ́ àwọn méjèèjì tóbi ju ọ̀rọ̀ aṣọ àti èdè lọ. Ohun tí mo rí nínú iṣẹ́ Fátómilọ́lá ni pé ó sọ babaláwo orí àwòrán di oníṣẹ́ ọpọlọ. Àwọn kan sọ ọ́ di ẹlẹ́rù, àwọn kan sọ ọ́ di ẹlẹ́yà. Òun fi í hàn bí ẹni tó kàwé, tí ìwé rẹ̀ kàn kò sí lórí tákàdá. Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ bóyá òṣèré náà gba Ifá gbọ́ tàbí kò gbà á gbọ́. Ìlànà iṣẹ́ ni. Ìlànà náà ní ibi tó ti wá, ó sì ní ohun tó ná ẹni tó ń lò ó.

Àwọn tó ń gbé fíìmù jáde mọ irú òṣèré tí mò ń sọ yìí dáadáa. Kì í ṣe olú ẹ̀dá-ìtàn, kì í sì í ṣe ará ọjà tó kàn ń kọjá lẹ́yìn. Wọn a pè é sí lókéṣàn fún ọjọ́ mélòó kan, yóò ya ìran tirẹ̀, yóò gba owó rẹ̀, yóò sì wọkọ̀ padà sílé kí olú eré tó dé rárá nígbà mìíràn. Bí ìran tirẹ̀ yẹn kò bá dúró, gbogbo eré náà ni kò dúró. Ojú ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá lára wọn, lẹ́yìn náà ohùn, lẹ́yìn náà ọjọ́ orí. Ìgbà tí owó bá kù ni wọ́n ń rántí pé ẹ̀bùn náà wà níbẹ̀. Iṣẹ́ yìí a sì máa gbé orúkọ ẹni mì. Adébáyọ̀ Fálétí kọ ewì, ó kọ ìwé ìtàn, ó sì ṣiṣẹ́ rédíò, síbẹ̀ àìmọye ọmọ wà tó jẹ́ Baba Ọ̀pálábà inú fíìmù Ṣaworoidẹ nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Fátómilọ́lá náà kọ eré onítàgé, ó sì jẹ́ akéwì. Ta ló bi í ní ewì?

Kí n tó dé Ifẹ̀, níbi tí gbogbo èèyàn ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀, mo fẹ́ kí a yà sí Ọyẹ́-Èkìtì, tí kò jìnnà sí Ìfísìn. Lọ́dún 1947, nígbà tí Fátómilọ́lá ṣì jẹ́ ọmọ ọwọ́, àwọn àlùfáà ìjọ Àgùdà méjì, Fádà Kevin Carroll àti Fádà Sean O'Mahony, dá ilé iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ níbẹ̀. Wọn kò kó agbẹ́gilére wá láti òkè òkun. George Bándélé ni wọ́n pè, ọmọ Àrẹ̀ògún ará Ọ̀sì, gbajúmọ̀ agbẹ́gilére tó gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin, ère ẹpa àti ọpọ́n Ifá. Lámídì Fákẹ́yẹ wá láti Ìlá Ọ̀ràngún, ó sì kọ́ṣẹ́ lábẹ́ Bándélé. Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń gbẹ́, àti ère ìbí Jésù, tí àwọn amòye ìlà-oòrùn inú rẹ̀ dé adé bí ọba Èkìtì. Mùsùlùmí ni Lámídì. Ìyẹn kò dí iṣẹ́ náà lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n ń bi igi náà ni pé, ṣé ó gún? Ṣé ojú ère náà jókòó dáadáa? Ṣé ọwọ́ rẹ̀ mọ ibi tó yẹ kó wà? Ọdún 1954 ni ilé iṣẹ́ náà kógbá wọlé, ṣùgbọ́n àwọn tó ti ibẹ̀ jáde gbé ọnà náà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá àti òkè òkun.

N kò ní ẹ̀rí pé ọmọdé kan láti Ìfísìn dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ Ọyẹ́ rí, n kò sì ní fi ìtàn dí àlàfo. Ohun tí mo ń wí ni pé àyíká tó bí òṣèré yìí jẹ́ ibi tí oníṣẹ́ ọnà ti lè fi tọkàntọkàn ṣe ohun ẹ̀sìn tí kì í ṣe tirẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò ní pè é ní alábòsí. Orúkọ ìjọ àti orúkọ Ifá jókòó pọ̀ lórí òun fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ti ìhà yẹn wá kò nílò kí wọ́n ṣàlàyé fún un pé a lè bọ̀wọ̀ fún ọpọ́n Ifá nítorí pé iṣẹ́ ọgbọ́n ni. Lámídì Fákẹ́yẹ náà padà ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, níbi tí ère Odùduwà tó gbẹ́ wà. Ọ̀nà tó ti àríwá wá sí Ifẹ̀ kò ṣàjèjì sí àwọn oníṣẹ́ ọnà nígbà náà.

Ọdún 1967 ni Yunifásítì Ifẹ̀ kúrò ní Ìbàdàn lọ sí Ilé-Ifẹ̀ gan-an. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n dá ibùdó iṣẹ́ ọnà Orí Olókun sílẹ̀, lábẹ́ ẹ̀ka ìmọ̀ nípa ilẹ̀ Áfíríkà tí Michael Crowder ń darí. Inú ìlú ni wọ́n gbé e sí, wọn kò gbé e sí ọgbà yunifásítì. Akin Euba ń bójú tó orin, Peggy Harper ń bójú tó ijó, Solomon Wangboje wà nídìí àwòrán, Ọlá Rótìmí sì ni olórí eré. Àwọn òṣèré tí wọ́n kó jọ kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ nìkan. Àwọn ará ìlú wà níbẹ̀, oníṣẹ́ ọwọ́ àti òṣìṣẹ́ kéékèèké tó ń wá ṣe ìdánrawò nírọ̀lẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́. Fátómilọ́lá wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọlé. Lọ́dún 1968 yẹn náà ni wọ́n kọ́kọ́ gbé The Gods Are Not to Blame jáde, eré tí Rótìmí fi tún ìtàn Oedipus ti Sophocles pa ní ọ̀nà Yorùbá, Fátómilọ́lá sì wà láàárín àwọn òṣèré àkọ́kọ́ tó ṣe é.

Ohun méjì ni mo rò pé Orí Olókun kọ́ òṣèré yìí, tí kámẹ́rà wá jàǹfààní rẹ̀ lẹ́yìn náà. Àkọ́kọ́ ni ìjókòó. Rótìmí fẹ́ràn agbo. Àárín àgbàlá ni eré rẹ̀ ń wáyé, àwọn òǹwòran á sì yí i ká bí ìgbà tí a bá ń wo egúngún. Nínú irú agbo bẹ́ẹ̀, òṣèré kò ní ẹ̀yìn tó lè fara pamọ́ sí. Bí o bá kọjú sí àwọn kan, ẹ̀yìn rẹ ni àwọn kan ń wò, ẹ̀yìn náà sì gbọ́dọ̀ máa sọ ìtàn. Ẹni tó bá ń fi ọwọ́ méjèèjì fọn afẹ́fẹ́ káàkiri nínú agbo yóò rẹ òǹwòran kí wákàtí kan tó pé. Òṣèré a kọ́ bí a ti ń jókòó jẹ́ẹ́ kí ìjókòó náà sì wúwo. Ẹ wo bí Fátómilọ́lá ti ń jókòó nínú fíìmù: ẹ̀yìn tààrà, èjìká rọ̀, ọrùn kò yí kiri. Olùyàwòrán lè ya ọ̀nà tó wù ú.

Èkejì ni irú ẹni tí babaláwo jẹ́ nínú eré Rótìmí fúnra rẹ̀. Bàbá Fákúnlé nínú The Gods Are Not to Blame fọ́jú, ó darúgbó, ó mọ òótọ́ tí ọba Odéwálé kò fẹ́ gbọ́, ọba sì sọ̀kò ọ̀rọ̀ lù ú. Bàbá kò fi àrá sán ọba. Kò sọ ọ́ di ẹranko. Ó wí ohun tó mọ̀, ó sì kọjá lọ. Sophocles ti ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ nínú Tiresias, ṣùgbọ́n ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí Òkè Ìtasẹ̀ wà, tí àwọn babaláwo ti ń kóra jọ lọ́dọọdún, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò nílò kí a yá a lọ́wọ́ Gíríìkì. Àwọn ọdún yẹn náà ni Wándé Abímbọ́lá ń tẹ ẹsẹ Ifá jáde fún àwọn onímọ̀ láti kà bí ìmọ̀, kó tó wá máa kọ́ni ní Ifẹ̀. Òṣèré tó bá wà láàárín irú ìjíròrò bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ kò lè padà lọ ṣe Magole.

Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sí ọ̀rọ̀ Ifá dídá, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ òṣèré yìí ti hàn jù lọ. Babaláwo tó bá ń lo ikin, mẹ́rìndínlógún ni yóò kó sọ́wọ́. Yóò gbìyànjú láti fi ọwọ́ kan gbọ́n gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹyọ kan bá ṣẹ́ kù, yóò tẹ ilà méjì sórí ìyẹ̀rosùn; bí méjì bá ṣẹ́ kù, yóò tẹ ẹyọ kan. Bí kò bá sí èyí tó kù, tàbí tó ju méjì lọ, kò tẹ ohunkóhun. Ìgbà mẹ́jọ ni yóò tẹ ilà kí odù tó jáde, nínú igba ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Ẹni tó bá lo ọ̀pẹ̀lẹ̀ á tètè rí i, nítorí ojú mẹ́jọ tó wà lára rẹ̀ ń fi odù hàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n bó ti wù kó yá tó, ìṣẹ́jú kan wà láàárín ìgbà tí odù bá balẹ̀ àti ìgbà tí ẹnu bá là. Babaláwo ń ka ohun tó wà nílẹ̀. Ẹni tó wá dá Ifá ti sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí owó lára; babaláwo kò gbọ́ ohun tó sọ. Inú àwọn ẹsẹ tó wà lábẹ́ odù náà ni wọn yóò ti jọ wá ọ̀rọ̀ ẹni náà.

Kámẹ́rà kórìíra ìṣẹ́jú yẹn. Nínú ọ̀pọ̀ eré àgbéléwò, ọ̀pẹ̀lẹ̀ kò tíì balẹ̀ tán tí babaláwo ti ń pariwo, "Ha! Mo rí i! Ìyàwó àfẹ́kejì ni!" Òǹkọ̀wé eré ti sọ fún un, kò nílò Ifá mọ́. Fátómilọ́lá máa ń gba ìṣẹ́jú náà padà. Ojú rẹ̀ a wà nílẹ̀ lára ohun tó jáde; kì í tètè gbé e sókè wo ẹni tó jókòó níwájú. Iwájú orí a yí padà kí ohùn tó yí padà. Nígbà tó bá máa sọ̀rọ̀, a rí i pé ó ti mọ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó kàn ń ronú bí òun yóò ti wí i ni. Nǹkan tí mò ń pè ní ìfìwàwẹ̀dá nìyẹn. Ìmọ̀ kò hàn lára aṣọ funfun tàbí ìlẹ̀kẹ̀ tútùọpọ́n. Àárín mímọ̀ àti wíwí ni ó ti hàn.

Bákan náà ni ohùn. Ẹsẹ Ifá ní ìlànà tirẹ̀: orúkọ awo, ẹni tí wọ́n dá Ifá fún, ìṣòro tó kan án, ẹbọ, ṣé ó rú u tàbí kò rú u, àti ohun tó kẹ́yìn rẹ̀. Òṣèré tí kò mọ ìlànà yìí á kà á bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn, tàbí kó máa gbọ̀n bí ẹni òòṣà gùn. Fátómilọ́lá máa ń ka tirẹ̀ bí agbẹjọ́rò ti ń ka ẹjọ́ tí ilé ẹjọ́ ti dá tẹ́lẹ̀: báyìí ni ó ṣẹlẹ̀ sí lágbájá, ohun tí wọ́n ní kó ṣe nìyí, kò ṣe é, ẹ wo bó ti rí. Ohùn rẹ̀ lọ sókè níbi tí ọ̀rọ̀ bá gbé e lọ sókè, ó sì padà sílẹ̀. Fún ọmọ Èkìtì, ọ̀rọ̀ ohùn yìí kò rọrùn bí a ti rò. Èdè tí wọ́n ń sọ nílé wọn, níbi tí ilé ti ń jẹ́ ulé, kì í ṣe èdè tí fíìmù Yorùbá ń sọ. Ohùn Ọ̀yọ́ ni ìtàgé ń béèrè, ọ̀pọ̀ òṣèré Èkìtì ni a sì máa ń mọ̀ nípa bí wọ́n ti ń sáré kó má bàa hàn. Tirẹ̀ kò sáré.

A ò gbọ́dọ̀ rò pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà. Ní Èkìtì kan náà, ní Òkè-Ìmẹ̀sí níhà ìwọ̀-oòrùn, Jimoh Aliu, Àwòrò, kọ́ ilé ẹ̀kọ́ mìíràn. Ẹni tó bá wo Àrélù lórí tẹlifíṣàn mọ ohun tí mò ń wí: Fádèyí Olóró àti Òrìṣàbùnmi dojú kọ ara wọn, ògèdè ń bọ́ lẹ́nu bí òjò, ilẹ̀ ń mì, àwọn ọmọ sì ń sá wọ yàrá. Iṣẹ́ ńlá ni. Ọ̀dọ̀ alárìnjó ló ti wá, níbi tí idán ti jẹ́ ẹ̀rí pé owó òǹwòran kò ṣòfò. Òjó Arówóṣáfẹ́ tó jẹ́ Fádèyí lè mú kí ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan dún bí ìgbà tí èèyàn ń la igi. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ògèdè yàtọ̀ sí iṣẹ́ Ifá. Ògèdè ń pàṣẹ. Ó ń sọ fún ayé ohun tó gbọ́dọ̀ ṣe. Ifá ń ròyìn, ó ń dámọ̀ràn, ó sì fi ìpinnu sílẹ̀ fún ẹni tó wá béèrè. Eré àgbéléwò ọdún 1990 síwájú da méjèèjì pọ̀, ó tún fi adáhunṣe, onísàráà àti gbájúẹ̀ kún un, gbogbo wọn wá di "bàbá" kan náà tó ní agbárí àti aṣọ pupa. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé UNESCO kéde Ifá lọ́dún 2005 gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú ogún àtẹnudẹ́nu pàtàkì lágbàáyé, inú fíìmù wa ni agbárí náà ṣì wà.

Ìdí nìyẹn tí Ṣaworoidẹ fi ṣe pàtàkì. Ọdún 1999 ni ó jáde. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ọ́, Túndé Kèlání ló sì darí rẹ̀. Ìlú Jogbo ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Májẹ̀mú wà láàárín ọba àti ará ìlú, adé idẹ àti ìlù ṣaworoidẹ sì so ó pọ̀: ọba tó bá gun orí oyè láìṣe ètùtù tó so ó mọ́ ìlú, bí wọ́n bá lu ìlù náà nígbà tó dé adé, orí rẹ̀ kò ní gbà á. Fátómilọ́lá ni Amawomárò, awo tó mọ ìdí májẹ̀mú náà. Kọ́lá Oyèwọ̀ ni Lápité, ẹni tó fẹ́ oyè ṣùgbọ́n tí kò fẹ́ májẹ̀mú, nítorí pé ó fẹ́ jẹ nínú igbó àti owó ìlú láìsí ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ wò. Ifẹ̀ wà lẹ́yìn àwọn tó pàdé níbí: Ìṣọ̀lá kọ́ni ní yunifásítì náà, Oyèwọ̀ àti Fátómilọ́lá sì jọ ṣe tíátà níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ ìtàn Orí Olókun á rí i pé Odéwálé àti Fákúnlé ni wọ́n tún pàdé, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà. Odéwálé kò mọ ohun tó ṣe. Lápité mọ̀.

Nígbà tí Lápité fi ìhàlẹ̀ kọ ètùtù oyè, òṣèré kékeré kan ìbá fi ìran yẹn pariwo. Ó ṣe tán, awo ni, agbára yẹ kó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí Fátómilọ́lá ṣe ni pé ó jẹ́ kí a rí ìdààmú ẹni tó ní ìmọ̀ ṣùgbọ́n tí kò ní ọlọ́pàá. Kì í ṣe ojo. Kò sì fi ara rẹ̀ ṣe akọni. Ó dúró bí ẹni tó ń ṣírò ọjọ́: ohun tí ọkùnrin yìí kọ̀ lónìí, ìgbà wo ni yóò padà wá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀? Èyí ni ó mú kí ìparí fíìmù náà dùn. Nígbà tí Láàgátà, ológun tó gba ìjọba lọ́wọ́ Lápité, bá dé adé tí ìlù sì dún, a ò rí iṣẹ́ oògùn lásán. Àdéhùn tó ti wà tẹ́lẹ̀ ló ń gba ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ọdún kan ṣáájú fíìmù náà ni Sani Abacha kú. Kò sí òǹwòran tó nílò kí wọ́n túmọ̀ Láàgátà fún un. Bí Amawomárò bá jẹ́ onídán, ìtàn nípa òfin ìlú ìbá ti di ìtàn nípa jùjú. Kèlání àti Ìṣọ̀lá kọ òfin. Ojú òṣèré yìí ló jẹ́ ká gbà pé òfin ni.

Àwọn kan lè sọ pé ìwà rẹ̀ gan-an nìyẹn, pé kò ṣe eré, ó kàn jókòó bó ti máa ń jókòó nílé ni. Papa Ajasco lè dá wọn lóhùn. Wálé Adénúgà ti ń ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ Papa Ajasco nínú ìwé Ikebe Super láti ọdún 1976: bàbá aláìnítìjú tó ń lé ọmọge kiri tí ìyàwó rẹ̀ sì ń lé e. Nígbà tí Adénúgà sọ ọ́ di fíìmù lọ́dún 1984, Fátómilọ́lá ni Papa Ajasco. Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ lórí tẹlifíṣàn láti ọdún 1996, Abíọ́dún Ayọ̀yínká ni, ó sì ṣe é dé ibi pé ẹlòmíràn kò fi bẹ́ẹ̀ wá sí ìrántí mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: ẹni tí a ń pè fún ìwúwo àti ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ pè fún òpònú tí ojú rẹ̀ kì í gbé ibì kan. Ẹ̀fẹ̀ àwòrán inú ìwé ń béèrè pé kí ara máa fò, kí ojú máa yọ, kí gbogbo ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ hàn lójú ẹsẹ̀. Ìdákẹ́ tó wà nínú Amawomárò kì í ṣe àìlèmira, nígbà náà. Ó mọ bí a ti ń fò, ó yàn láti jókòó. Lójú tèmi, ẹ̀rí iṣẹ́ ọnà kò ju ìyẹn lọ.

Ibi tí mo ti ní ìjà ni ohun tí àwọn olùgbéjáde ṣe pẹ̀lú ẹ̀bùn yìí lẹ́yìn náà. Ó ti di pé bí eré bá nílò ọlá fún ìran kan, wọn a pe Fátómilọ́lá, wọn a fún un ní aṣọ funfun, ọ̀pẹ̀lẹ̀ àti ojú ewé kan àbọ̀. Wọ́n ń yá ìwúwo tí ó ti kó jọ níbòmíràn láti fi bo ìfúyẹ́ ìwé eré tiwọn. Nínú irú eré bẹ́ẹ̀, òun gan-an a máa tún ara rẹ̀ ṣe: ìsinmi kan náà, ojú ilẹ̀ kan náà, ohùn kan náà tó ń rọra gòkè. N kò dá a lẹ́bi, òṣèré gbọ́dọ̀ jẹun. Ṣùgbọ́n lámèyítọ́ kò gbọ́dọ̀ dọ́gbọ́n bò ó. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí kò ní ohun tó ń dákẹ́ lé lórí, ìṣe lásán ni. Nínú Ṣaworoidẹ, ó dákẹ́ lórí májẹ̀mú ìlú kan. Nínú àwọn mìíràn, ó ń dákẹ́ nítorí pé òǹkọ̀wé kò kọ nǹkan kan.

Ó sì tún burú nínú eré elédè Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti máa ń fẹ́ kí gbogbo awo Áfíríkà jọ ara wọn. Ẹsẹ Ifá tí a bá túmọ̀ sí gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kúkurú méjì ti pàdánù ìtàn inú rẹ̀; ẹ̀rù nìkan ló kù nínú rẹ̀. A ti padà sọ́dọ̀ Magole nìyẹn, àwa la sì fi ọwọ́ ara wa sìn ín padà, kò sí òyìnbó olùdarí kankan níbẹ̀.

Martins náà rí irú ìjìyà yìí. Ó darúgbó, ó padà sí Èkó, ó wà nínú Kongi's Harvest lọ́dún 1970, ó sì kú lọ́dún 1985, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ fíìmù kan tó gba gbogbo ara rẹ̀. Fátómilọ́lá rí ju bẹ́ẹ̀ lọ: ó ní Rótìmí, ó ní Ìṣọ̀lá, ó ní yunifásítì kan lẹ́yìn. Síbẹ̀, fíìmù tí mo ń retí kò tíì dé ọwọ́ mi: èyí tí babaláwo yóò ti jẹ́ olú ẹ̀dá-ìtàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí a ó tẹ̀ lé e wọlé lẹ́yìn tí ẹni tó wá dá Ifá bá ti lọ, tí a ó rí i níbi tó ti ń jẹ gbèsè owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ, tí ìyàwó rẹ̀ yóò bi í léèrè ìdí tó fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ gbogbo ayé tí kì í gbọ́ tòun, tí odù kan yóò jáde fún un tí kò fẹ́ kà, tí yóò sì ní láti pinnu bóyá òun yóò sọ ọ́.